Sàlámátù Kò Jẹun

Sàlámátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìdírísù Àkàndé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-kọ-ebè-ga-bí-òkìtì-ọ̀gán. Ọmọ a-ta-iṣu-má-ta-èbù. Ọmọ ilé tí àlejò ti ń yó kí onílé tó bu òkèlè. Obìnrin tí ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀. A bẹ̀ ọ́ kí a tó kẹ́ ọ, a kẹ́ ọ tán, ilẹ̀ gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Mo kí ọ, ìyá Mọ́míní. Sùn re o.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwé wa ní Manígìrì ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí i kà. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè dárúkọ iṣẹ́ náà kí n má kọ́kọ́ dárúkọ obìnrin yìí. Bí ẹ bá kà á débi tó yẹ, ẹ óò mọ̀dí rẹ̀.

Sálíù ni orúkọ mi. Bàbá Labó ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Labó ni yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aláìsàn wò nílé ìwòsàn. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo parí. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn: ilé ìwòsàn kan ní Bàsílà ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò, mo ní mo lè fọ ìgò. Owó oṣù rẹ̀ kéré, a sì jẹ ẹ́. Ó tán.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ọ̀gá Lúkà, ọmọ Ṣábẹ̀. Gíga bí igi àgbọn, kì í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbàgbé. Ẹ̀mú onígi tí ó fi ń di ìgò mú lórí iná, òun náà ló fi ń kàn mí lórí. Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn ju ìgò àti ọṣẹ lọ. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Sálíù, ìgò yìí ń sunkún."

Ohun tó ń sọ ni pé omi ń dá tótòtó sára rẹ̀. Ìgò tó mọ́ dáadáa, omi kì í dá tótòtó lára rẹ̀, ṣe ni yóò tẹ́ sí i pẹrẹsẹ bí ìgbà tí a fi aṣọ bò ó. Kó! Ẹ̀mú ti dé orí mi. Màá tún un fọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń tọ̀ sẹ́sẹ̀ ògiri.

"Kí lo rí?"

"Èèrà, ọ̀gá."

"Níbo ni wọ́n ń lọ?"

Mo wò wọ́n. Ògiri náà gùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti tọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni gbogbo èèrà ń rọ́ lọ.

"Ta ló tọ̀ síbẹ̀?"

"N kò mọ̀, ọ̀gá."

"Dúró kí o mọ̀ ọ́n."

Mo dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọkùnrin kan láti Doguè ló padà wá síbẹ̀. Sànní ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ oníṣu ni, ẹ̀rín rẹ̀ ń dún dé ọjà. Ẹsẹ̀ tó ní egbò ló gbé wá. Ó tọ̀ tán, ó kí mi, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ògiri ni. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, èèrà sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti mọ ohun tó wà lára rẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í lè wo èèrà tó tò kí ara mi má bù máṣọ.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá kọ́ mi ní omi búlúù. A ó da ìtọ̀ díẹ̀ sínú omi náà, a ó sì sè é lórí iná. Bí kò bá sí ṣúgà, búlúù ni yóò wà. Bí ṣúgà bá wà, yóò di àwọ̀ ewé, yóò di òféfèé, yóò sì wá pọ́n bí erùpẹ̀ ọ̀nà Manígìrì. Ti Sànní pọ́n. Àtọ̀gbẹ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀gá Lúkà máa ń sọ lójoojúmọ́, mo sì gbé e mì bí ẹni gbé omi mì: "Aláìsàn lè parọ́. Ìgò kì í parọ́." Kò sì purọ́ mọ́ wọn. Ìdánwò mìíràn wà tí aláìsàn kò gbọdọ̀ tíì jẹun kó tó ṣe é. Bàbá kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Láti àná, ọmọ mi. Ebi ń pa mí kú lọ."

"Búrẹ́dì inú irùngbọ̀n yín ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan irùngbọ̀n. "Èyí? Ti àná náà ni."

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i pé ẹ̀rín há ọ̀gá mi lọ́fun.

Ó kọ́ mi ní ohun kan sí i, ṣùgbọ́n mo fi ọmọdé gbọ́ ọ. Ó rán mi lọ sọ́dọ̀ alápatà kí n ra ẹ̀dọ̀ àgbò méjì, ọ̀kan lára àgbò tó ń jẹ̀ nígbó, èkejì lára àgbò àbọ́sanra tí kì í kúrò lórí ìso. Ó gé méjèèjì wẹ́wẹ́ sínú omi. Ti àgbò igbó rì. Ti àgbò àbọ́sanra funfun ràkọ̀, ó sì léfòó. Ó léfòó, ó ń yí lórí omi bí ẹni ń wá ẹnìkan.

"Ọ̀rá ti wọ̀ ọ́," ni ọ̀gá wí. "Alásè ara ni ẹ̀dọ̀, Sálíù. Kì í sùn. Bí ìwọ bá sùn, ó ń dáná."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Omi búlúù kásẹ̀ nílẹ̀, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tì bọ ìtọ̀ dé. Ìyẹn náà lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dé, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. A ó gún ìka, a ó fi ẹ̀jẹ̀ kàn án, kí o tó yí ọrùn, nọ́ńbà ti jáde. Ọ̀gá Lúkà ti darúgbó nígbà náà. Ó di ẹ̀rọ náà mú bí ẹni di alángbá mú.

"Èyí kì í yí àwọ̀," ó ní. "Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ṣọ́ra fún un."

Ó kú ní Ṣábẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tó ti gbó díẹ̀, mo gbé e wálé sí Manígìrì. Àwọn aládùúgbò ń wá, mo ń gún wọn níka. Mo gbà pé mo gbọ́n.

Ọ̀nà balùwẹ̀ ilé wa ni mo ń gbà lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí èèrà. Wọ́n tò láti ìdí igi kajú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, wọ́n wọ inú balùwẹ̀. Orí mi wú. Èmi àti Sàlámátù ìyàwó mi àti Ráfíátù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la wà nínú ilé náà, àwọn ọmọ ti lọ sí Kùtọnú. Mo gún ìka ara mi, kò sí. Mo gún ti Ráfíátù, ó bú mi, kò sí. Sàlámátù na ìka tirẹ̀ sí mi láìwò mí.

"Ẹ jẹ́ ó tán," ó ní. "Mo ti mọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí lójú àlá."

Tirẹ̀ ga. Wọ́n fún un lóògùn ní Bàsílà, ó ń lò ó, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ súnmọ́, wọ́n ní nílé ìwòsàn pé kò gbọdọ̀ gbà á, pé Ọlọ́run dá aláìsàn sí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti di wúńdíá, òun kò jẹ ọjọ́ kan rí, kì í ṣe ìgbà tí òun ń lọ sílé lòun ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lo oògùn lẹ́yìn ìṣínu. Mo jẹ́ kó gbà á. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìgbà ìkórè kajú ni ààwẹ̀ náà bọ́ sí. Sàlámátù àti Ráfíátù a máa jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé, wọn a máa yọ kóró lára èso, òórùn dídùn èso tó ti rà a sì máa bo gbogbo àgbàlá. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó kírun Àsárì. Ṣúgà rẹ̀ ti gòkè. Kò dúró, kò wálẹ̀. Ó gòkè.

"Ìyá Mọ́míní, kí lo jẹ?"

"Mo jẹ kí ni? Nígbà wo?"

"Ṣúgà rẹ ga ju ti àárọ̀ lọ."

"Bàbá Mọ́míní, ààwẹ̀ ni mo wà o."

"Ẹ̀rọ kì í parọ́."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú agbọ̀n. "Èmi ni mo ń parọ́ nígbà náà?"

N kò dáhùn. Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá ní ọjọ́ kan tí mo lè rà padà, ìṣẹ́jú náà ni. Ráfíátù wà níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Bóyá kajú ló fò wọ̀ ọ́ lẹ́nu fúnra rẹ̀," ó ní, ó sì fi ẹ̀rín sí i.

Ọ̀rọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ìdí kànga. Nígbà tí Sàlámátù lọ pọnmi lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin kí i ní "Alááwẹ̀ olókèlè". Ó gbé omi rẹ̀ wálé, kò sọ fún mi. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi. Kàkà kí n gbèjà rẹ̀, mo ti ilé ìdáná pa, mo fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara mi.

Ṣúgà náà ń gòkè.

Mo ní ó dáa, èmi yóò ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn sààrì, oúnjẹ àfẹ̀mọ́júmọ́ tó kẹ́yìn, mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, mo ní kó jókòó síbẹ̀, èmi náà jókòó kojú rẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kan kajú, torí omi èso lórí ìka lè tan ẹ̀rọ jẹ. Èmi fúnra mi fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ọ̀gá Lúkà ṣe kọ́ mi láti fọ ìgò. Mo gún un láàárọ̀. Mo gún un ní ìyálẹ̀ta. Mo gún un lọ́sàn-án. N kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́. Kò mu omi, kò gbé itọ́ mì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo wo ẹ̀rọ, nọ́ńbà náà ga ju ti ìṣáájú lọ. Ojú ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn, obìnrin kan jókòó níwájú mi láìjẹ láìmu, nǹkan kan sì ń fún un lóúnjẹ tí n kò rí.

Lẹ́yìn ọ̀sán, oorun gbé e lọ díẹ̀. Bó ṣe sùn, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ nǹkan tó rọ̀.

Ráfíátù, tó ń yọ kóró kajú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fọwọ́ bo ẹnu. "Sálíù, ṣé o rí i? Wọ́n ń bọ́ ọ. Lójú àlá ni wọ́n ti ń fún un jẹ."

Sàlámátù jí, ó sì gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ó wo èmi, ó wo Ráfíátù. Ó fahọ́n lá ètè.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ẹnu mi ń dùn."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á. Bí oorun bá ń kùn ún, yóò bọ́ gèlè rẹ̀, yóò fi di ẹnu pinpin, yóò so ó lẹ́yìn orí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sùn títí ààwẹ̀ fi parí, bí òkú tí wọ́n ti tọ́jú. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bó bá jí. Ṣúgà náà ti gòkè lábẹ́ gèlè. Èmi tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àjẹ́, mo wá ń wo ìka ìyàwó mi bí ẹni wo ọwọ́ àjèjì.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ti dá oògùn dúró. Mo wá rí àwọn hóró oògùn náà lábẹ́ ẹní lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ó tò wọ́n bí ẹni to èbù. Ó ti bi Ráfíátù pé, "Ìyá wa, ṣé oògùn òyìnbó mọ ọ̀nà àlá?" Ráfíátù ní kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a kò lè jí i. Ó ń mí gùn-ún gùn-ún, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí kajú tó ti rà. Ráfíátù gbé e mọ́ àyà lẹ́yìn ọlọ́kadà, èmi wà lẹ́yìn òmíràn, a sáré gba ọ̀nà Bàsílà.

Ọmọbìnrin tó wà ní labó, níbi tí mo ti fọ ìgò rí, ni Mùnírá. Ọmọ Bàsílà ni, Anii ni èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa dáadáa, èmi ni mo sì kọ́ ọ di abẹ́rẹ́ mú kó tó lọ kàwé ní Kùtọnú. Ṣúgà náà ti ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Wọ́n fi omi àti oògùn sí i lára. Nígbà tí ó tó wákàtí mélòó kan, Mùnírá wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹní, ọṣẹ, kọ́kọ́rọ́, gèlè, àgbọ̀n tó ń mì. N kò gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Labó, ẹ mọ gilisẹrínì?"

"Èyí tí a fi ń pa ara nígbà ọyẹ́?"

"Òun ni. Ó wà nínú ọ̀rá ara wa. Ẹ wo ọ̀rá bí ìgbálẹ̀ kékeré tó ní ọwọ̀ mẹ́ta. Gilisẹrínì ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Bí ebi bá dé, ara á tú ìgbálẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ọ̀rá tí gilisẹrínì ń gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó fi ń gbà á wọlé, á sì sè é di ṣúgà."

"Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹun?"

"Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹun. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ẹ̀yin fi ń gbààwẹ̀ tí a kì í kú."

"Kí ló dé tí tiwa kì í gòkè?"

"Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì, òun ló ń ké sí wọn pé ó tó, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Lára Ìyá, wọn kò gbọ́ igbe náà mọ́. Ọ̀rá ń tú jáde, ẹ̀dọ̀ ń sè, àní bí ṣúgà bá ti kún ilé. Nǹkan mìíràn náà wà tí ẹ̀dọ̀ ń sè, àmọ́ èyí wà lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn náà burú o. Bí ti ọ̀rá bá tì pa jù, gilisẹrínì á há síbẹ̀, ọ̀rá á máa wú. Kó máa ṣí lásìkò, kó máa tì lásìkò, ìlera nìyẹn."

"Àgbọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu tó ń dùn?"

"Ọ̀fun gbígbẹ ni, Bàbá. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ á máa wá itọ́ lójú oorun."

Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá Lúkà bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹ̀mú onígi rẹ̀. Kì í sùn, Sálíù. Bí ìwọ bá sùn, ó ń dáná. Mo rí ẹ̀dọ̀ àgbò náà tó ń yí lórí omi. Ẹ̀rọ kò parọ́ lóòótọ́. Ó ní ṣúgà gòkè. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé Sàlámátù jẹun.

Ó lajú lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ọ́ fún un bí Mùnírá ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Nítorí náà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ, "ẹ ti ilé ìdáná pa, mo sì ń dáná nínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun ún. "Ẹ ò mọ aya tí ẹ fẹ́." Ó wo ọrùn mi. "Kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo bọ́ ọ.

"Ààwẹ̀ mi pé nígbà náà."

"Ó pé. Àbẹ̀kẹ́, dárí jì mí."

"Ìdí kànga kọ́ nìyí," ó ní. "Èmi nìkan kọ́ lẹ sọ fún pé mo jẹun."

"Bí a bá délé, màá sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn."

"Bí a bá délé." Ó yí ojú sí ògiri. Ó nawọ́ síbẹ̀. "Ẹ wò ó. Wọ́n ti mọ̀nà débí."

Èèrà ni, wọ́n tò láti ojú fèrèsé wá sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Mo fi bàtà nù wọ́n. Wọ́n tún tò.

Ó kú ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ labó, ẹ ṣe é. Iṣẹ́ rere ni, ẹ fọ ìgò yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá sọ ohun kan, tí ènìyàn sì sọ ohun mìíràn, ẹ má yára yan ọ̀kan. Ẹ jókòó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù yín lọ, kódà bó jẹ́ ẹni tí ẹ kọ́ ní abẹ́rẹ́ dídì mú ni.

A gbé e wá sí Manígìrì láàárọ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú wa, lémọ́ọ̀mù sì bèèrè gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń bèèrè lórí gbogbo òkú pé bí òkú yìí bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí ó wí. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, kí ó wí. Mo jáde síwájú.

"Èmi ni mo jẹ ẹ́," ni mo wí. "Mo sọ nínú ààwẹ̀ pé ó jẹun. Kò jẹun. Mo ṣọ́ ọ, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo ti ilé ìdáná, kò jẹun. Ẹnikẹ́ni kò bọ́ ọ lójú àlá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń se ọ̀rá ara rẹ̀ di ṣúgà, àìsàn ni, àìmọ̀ mi sì ni. Ẹ̀yin obìnrin ìdí kànga, ẹ gbọ́. Sàlámátù kò jẹun."

Láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin dúró sí, mo gbọ́ ohùn Ráfíátù. "Kò jẹun o," ó ní. Ẹlòmíràn gbà á, òmíràn gbà á.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. A sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.